Ẹni Tí Ó Tú Orí Bátìrì

Láti ọjọ́ tí ọmọ aráyé ti mọ irin í rọ ni iṣẹ́ ọwọ́ ti ń bí iṣẹ́ ọwọ́, tí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí sì ń sin èyí tí ó bí i. Ẹni tí ń lọ́ òwú fìtílà fi ojú ara rẹ̀ rí àtùpà elépo. Ẹni tí ń ta epo àtùpà sì wà láyé nígbà tí iná ẹlẹ́tíríìkì wọ ìgboro. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí. Àwọn baba wa ti wí i pé ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, bí ọgbọ́n kan bá fẹ́ kú, a máa ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ó bá rí ohun titun yóò dúró tì í, yóò fi ọwọ́ kàn án, yóò tú u palẹ̀, yóò sì tún un tò títí yóò fi yé e. Ti ìgbà tiwa yìí ni ó yàtọ̀. Wọ́n kó ọgbọ́n sínú àpótí tí kò tóbi ju ìwé àdúrà lọ, wọ́n tì í pa, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sí òkèèrè, wọ́n sì tà á fún ẹni tí kò mọ̀ pé òun rà á. Nígbà tí ó bá bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kì í bi ẹni tí ó tì í léèrè. Ẹni tí ó fọwọ́ kàn án ni gbogbo ayé ń bi. Abẹ́ òfin yìí ni ọ̀rọ̀ ilé Qowiyyu wà ní Atong Abè, àdúgbò kan nínú ìlú Libreville, gẹ́gẹ́ bí ewé kan ti wà lára igi ńlá.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, Qowiyyu jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, ó gbé àwo ẹ̀wà lé orókùn, kò sì jẹ ẹ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ọgbọ̀n ọdún nínú rẹ̀ ni ó sì ti fi ń tún ọkọ̀ ṣe ní àdúgbò náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju páànù mélòó kan lórí òpó igi mẹ́rin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ gan-an. Láti ibi tí ó jókòó ni ó ti ń rí ẹ̀yìn ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan tí ó dúró níbẹ̀ láti àná. Ó ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò tí ó kú sí ilé rẹ̀.

Àpèkẹ́, ìyàwó rẹ̀, tí ó ń ta ìrẹsì, ṣúgà àti ọṣẹ ní bùtíkì kékeré tí ó kọjú sí títì, ti ń wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ̀wà náà kò dùn ni, Bàbá Ràódàt?"

"Ó dùn."

"Ẹ kò tíì fi ẹnu kàn án, ẹ ti mọ̀ pé ó dùn. Ẹ̀yin náà ti di ẹ̀rọ tí Ange fi ń yẹ ọkọ̀ wò nìyẹn, tí í sọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò láìṣí ọmọrí."

Qowiyyu kò rẹ́rìn-ín. Ràódàt, ọmọ wọn, jáde láti inú yàrá nínú aṣọ funfun tí ó fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, Libreville ni a bí i sí. Faransé ni ó fi ń lálàá, Yorùbá ni ó fi ń kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí baba rẹ̀, kò sì tètè dìde níwájú baba.

"Papá, ẹ ti sọ fún tọ́ńtọ̀n Gaston?"

Baba rẹ̀ wo ẹ̀wà. Ìyá rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Kí ó sọ kí ni fún Gaston?"

Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi aṣọ bò láti àná ṣe já síta. Gaston, tí Ràódàt ń pè ní tọ́ńtọ̀n bí ẹni ń pe arákùnrin baba rẹ̀, ọmọ ìbílẹ̀ ìlú náà tí ilé rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kẹta sí tiwọn, ni ó ni ọkọ̀ eléérú náà. Èrò ni ó fi ń gbé, òun ni ó sì fi ń bọ́ ọmọ mẹ́rin. Iná bátìrì yọ pupa lójú ọkọ̀ náà. Gaston kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ Ange ní Avéa, àdúgbò mìíràn, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń ka àìsàn ọkọ̀. Ange ki okùn ẹ̀rọ náà bọ̀ ọ́ nídìí, ó ní kí ó fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí òun lè wò ó ní àwòfín. Gaston kò lè dúró, nítorí ọkọ̀ tí ó dúró kì í gbé èrò. Ó wà á wá sọ́dọ̀ Qowiyyu.

Qowiyyu mú ọ̀pá irin tín-ín-rín rẹ̀, ó fi ìdí kan kan ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí kejì kan etí, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń fọhùn dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ìdánwò tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ní Ṣakí nígbà èwe. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó tú orí bátìrì kúrò. Bí ọ̀tánétọ̀, tí í ṣe ìyá tí ń fún bátìrì lọ́mú, bá lágbára, ẹ́ńjìnnì kò ní kú. Bí kò bá lágbára, yóò kú. Ìdánwò náà kì í ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, kò sì purọ́ fún un rí. Ṣùgbọ́n bí ó ti tú ti ọkọ̀ yìí, gbogbo iná ojú ọkọ̀ tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì kú pọ̀. Òórùn kan bí òórùn irun tí ó jó yọ jáde. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ náà kò ti dáhùn mọ́.

Gaston ti sọdá títì láti ra búrẹ́dì nígbà náà. Nígbà tí ó padà dé, ó bá òkú ọkọ̀. Qowiyyu ní kí ó fi í sílẹ̀ fún òun di ọ̀la. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Òtítọ́ kọ́ sì ni. Ràódàt nìkan, tí ó gbé oúnjẹ wá fún baba rẹ̀, ni ó rí sípánà lọ́wọ́ rẹ̀ àti orí bátìrì tí ó ṣí sílẹ̀.

Àpèkẹ́ gbọ́ ọ tán. Kò pariwo.

"Ta ni ó rí yín?"

"Èmi ni mo rí wọn, Màmá."

"Ìwọ kì í ṣe ènìyàn. Ọmọ ni ọ́." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ràódàt, ẹ fetí sílẹ̀. Owó tí ó wà nínú agolo mílíìkì yẹn, owó ìwé ìgbélùú ni. Oṣù tí ń bọ̀ ni tèmi àti tiyín yóò parí. Ẹ rántí Adéyẹmọ tí ó ń ta táyà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìwé rẹ̀ fi kọjá àkókò, bàálù ni wọ́n fi dá a padà sí ìlú tí ó ti kúrò láti ogún ọdún. Ìyàwó rẹ̀ kò rí i kí ó tó lọ. Bí ẹ bá la ẹnu yín níwájú Gaston, ìwé wa ni ẹ fi ẹnu náà jẹ."

"Màmá, irọ́ nìyẹn."

"Ta ni ó ní kí wọ́n purọ́? Mo ní kí wọ́n dákẹ́."

Ràódàt dìde, ó gbọn eruku orókùn rẹ̀, kò jẹ nǹkan kan. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn. "Ẹ kú iṣẹ́, Papá," ni ó wí. Qowiyyu dá a lóhùn pé o ṣé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Oòrùn ti ga díẹ̀ nígbà tí Sakeenah, aláṣọ tí ń gbé òdìkejì títì, wá ra ṣúgà.

"Ìyá Ràódàt, ẹ ò tíì gbọ́? Ó ti ṣẹlẹ̀ o! Àwọn awakọ̀ ti lọ ká Ange mọ́lé ní Avéa. Wọ́n ní ẹ̀rọ rẹ̀ ni ó fa ọpọlọ ọkọ̀ Gaston yọ, bí ìgbà tí èèyàn bá fa ẹran ìgbín yọ nínú ìkarahun."

"Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gaston fúnra rẹ̀! Ó ní kò sí ohun tí ó ṣe ọkọ̀ òun ju iná pupa kan lọ, kí ó tó kan Ange; ó ní bí májèlé ni, kò pa á lójú ẹsẹ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá Ràódàt ni ó wá kú sí. Àwọn ẹni tí epo kò kan àtẹ́lẹwọ́ wọn rí! Wọn á jókòó sínú ọkọ̀ bí àna tí wọ́n ń ṣe lálejò, wọn á máa tẹ fóònù, wọn á ní àwọn ń tún ọkọ̀ ṣe. Ẹ bá mi kí Bàbá Ràódàt kú oríire. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Àpèkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó ń wọn ṣúgà, ó wọn ọ̀kan, ó wọn èkejì, ó wọn ẹ̀kẹta tí ẹnikẹ́ni kò san owó rẹ̀. Sakeenah rí i. Ó yára di ẹnu ọ̀rá rẹ̀, ó sì wo ojú Àpèkẹ́ pẹ́ kí ó tó lọ.

Kò pẹ́ tí ariwo fi wọ àdúgbò. Àwọn awakọ̀ márùn-ún ni ó ń bọ̀, Gaston ni ó ṣáájú, ó gbé ẹ̀rọ Ange dání bí ẹni gbé ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olè. Ange wà láàrin wọn, ọkùnrin ọgbọ̀n ọdún, awò ojú rẹ̀ ti wọ́, aṣọ rẹ̀ ti ya láti ọrùn dé àyà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà ní ètè rẹ̀. Faransé ni wọ́n jọ ń sọ, nítorí òun ni èdè tí ó pa gbogbo wọn pọ̀.

Àṣà kan wà láàrin àwọn awakọ̀ àti àwọn mẹkáníìkì Atong Abè. Bí aáwọ̀ bá wà lórí ọkọ̀, wọn kì í gbé e kọjá ẹni tí ó dàgbà jùlọ nínú iṣẹ́ náà. Ẹni náà yóò gbé ọwọ́ lásán lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, yóò sọ ohun tí ó ṣe é, ohun tí ó bá sì sọ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni òpin ẹjọ́. Láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, Qowiyyu ni àgbà náà.

"Papá," ni Gaston wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ lé e. Ẹ mọ àwọn ọmọ mi. Ẹ mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ohun tí ó pa ọkọ̀ mi, kí ẹni tí ó pa á lè jí i."

"Ẹ̀rọ mi ń kàwé ni, kò ń kọ̀wé," ni Ange wí. "Bí nọ́ọ̀sì bá ki ohun tí a fi ń wọn ibà bọ abíyá ọmọ, ṣé òun ni ó fi ibà sí ọmọ náà lára?"

"Ibà kọ́ ni eléyìí, òkú ni!" ni awakọ̀ kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Nọ́ọ̀sì wo ni ó ń wọnbà tí ọmọ ń kú?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ange kò bínú sí ẹ̀rín náà. Ó ti wọ́ awakọ̀ kan tí ó di aṣọ rẹ̀ mú lọ síbi ọkọ̀, ó bẹ ojú wo inú rẹ̀, ó gbóòórùn ibì kan lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ó gbé orí sókè.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé ẹnikẹ́ni tú orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́?"

Àwọn awakọ̀ yíjú sí Qowiyyu. Ọwọ́ Qowiyyu wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wúwo.

Àpèkẹ́ ni ó dáhùn láti ẹnu ọ̀nà bùtíkì, pẹ̀lú Faransé tí ó fi ń tajà. "Ta ni ó máa ṣe irú ìyẹn? Ọkọ mi? Ọkọ mi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ó ti ń ṣiṣẹ́ yìí!"

"Ọgbọ̀n ọdún!" ni àwọn awakọ̀ gbè é.

Ọ̀rọ̀ ìbá ti parí níbẹ̀, bí Qowiyyu bá fẹ́ kí ó parí. Gbogbo ohun tí ó kù fún un ni kí ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó sì pe orúkọ Ange. Ó sún mọ́ ọkọ̀ náà. Kò gbé ọwọ́ lé e.

"Ange, ọmọ mi," ni ó wí, "bí a bá tú u, kí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀?"

Ange wò ó. Ohun kan yé e, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Papá, bátìrì dà bí garawa tí a gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Gbogbo iná tí ọ̀tánétọ̀ bá ń dà, òun ni ó ń gbà á. Bí a bá fa garawa náà yọ lójijì nígbà tí òjò ń rọ̀, omi kò ní dúró dè wá, inú ilé ni yóò wọ̀. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, kò sí nǹkan nílẹ̀ tí omi lè bà jẹ́. Nínú èyí, ọpọlọ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà kékeré tí ń darí rẹ̀, ni ó wà nílẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, Papá. Mo ṣì wà ní ilé ìwé nígbà náà. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín?"

"Ta ni ìbá sọ fún mi?"

Àwọn awakọ̀ wo ara wọn. Ange wo ilẹ̀. Ní òdìkejì títì, Sakeenah dúró síbi aṣọ rẹ̀ láìká a.

Qowiyyu nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ṣòkòtò, iwájú àti ẹ̀yìn, bí ẹni ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe àlùwàlá tayamọ́mù. Ó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Oòrùn ti mú irin náà gbóná, kò sì gbé e kúrò.

"Èmi ni. Láàárọ̀ àná, nígbà tí Gaston lọ ra búrẹ́dì, mo tú orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin yìí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀."

Ẹni tí ó di aṣọ Ange mú kò mọ̀ pé òun ṣì dì í mú. Gaston wo ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gíláàsì rẹ̀ ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fà á mọ́ Ange lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó sì lọ jókòó sórí táyà kan.

"Mo lu ú, Papá," ni ó wí. "Mo lu ú níwájú ìyàwó rẹ̀."

Ìyẹn nìkan ni ó sọ. Qowiyyu ìbá fẹ́ kí ó bú òun.

Ange ni ó sọ ohun tí àtúnṣe náà yóò gbà. Ọpọlọ titun ni ọkọ̀ náà nílò. Qowiyyu béèrè bóyá a kò lè rí tòkunbọ̀ lára ọkọ̀ tí ó ti kú. Ange ní a lè rí i, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò ní gbà á. Yóò bi í ní ọ̀rọ̀ àṣírí, àwọn tí ń ta irú ọkọ̀ náà nìkan ni ó sì mọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ń ta ọ̀rọ̀ náà lọ́tọ̀, wọ́n ń ta ọpọlọ lọ́tọ̀. "Èmi náà, níta ni mo dúró sí," ni ó wí. "Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀bá fèrèsé ni mo dúró sí ni, tí mo ń yọjú wò wọ́n." Ó wá dá iye náà. Ó ju ohun tí ó wà nínú agolo mílíìkì lọ.

Àpèkẹ́ wọlé. Ó pẹ́ nínú ilé. Ìrẹsì tí ó gbé kaná bẹ̀rẹ̀ sí í jó, gbogbo wọn gbọ́ òórùn rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè ní kí ó sọ̀ ọ́. Nígbà tí ó jáde, agolo náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé e fún Gaston, kò sì gbé e fún ọkọ rẹ̀. Orí àpótí sípánà ni ó gbé e kà.

"Ìwé ìgbélùú nìyẹn," ni ó wí ní èdè Yorùbá, kí ọkọ rẹ̀ nìkan lè gbọ́. "Ẹ ṣe é bí ẹ ti fẹ́. Bí wọ́n bá wá mú mi, ẹ gbé ọwọ́ lé èmi náà lórí, kí ẹ sọ ohun tí ó ṣe mí."

"Àpèkẹ́."

"Ẹ má pè mí."

Ó padà wọlé, ó gbé àwo ìrẹsì àti ẹja yíyan jáde. Ange ni ó kọ́kọ́ gbé e fún, ó tẹ orókùn díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Kò tọrọ àforíjì, kò sì wo ojú rẹ̀. Ange wo àwo náà, ó wo aṣọ rẹ̀ tí ó ya, ó jókòó, ó jẹun.

Sakeenah ti sọdá wá nígbà náà. Ó fi ṣúgà tí ó lé sínú ọ̀rá kékeré, ó gbé e ka orí káńtà bùtíkì. "Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀," ni ó wí. Bóyá ara rẹ̀ ni ó ń bá wí, bóyá Àpèkẹ́ ni, kò sọ. Àpèkẹ́ da ṣúgà náà padà sínú àpò.

Ìrun Alásàrí kù díẹ̀ nígbà tí Ràódàt ti ibi iṣẹ́ dé. Baba rẹ̀ ń fi àkísà nu ọ̀pá irin tín-ín-rín náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdọ̀tí lára rẹ̀.

"Papá, wọ́n ti sọ fún mi ní oríta."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Pé ẹ sọ ọ́."

Ó nu ọ̀pá náà dé ìdí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. "Bí n kò bá sọ ọ́ ńkọ́? Ìwọ ìbá ti sọ ọ́?"

Ràódàt wo ọ̀pá náà. Ó jókòó sórí táyà tí Gaston jókòó sí láàárọ̀, ó bọ́ bàtà, ó fa àwo ìrẹsì baba rẹ̀ tí ó ti tutù mọ́ra, ó sì ń fi ìka ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó jó. Qowiyyu fẹ́ ní kí ó fi í sílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ bu òmíràn.

"Ẹ jẹ́ kí ó jẹ ẹ́," ni Àpèkẹ́ wí láti inú bùtíkì. "Láti òwúrọ̀ ni ó ti ń fẹ́ kí nǹkan jóná nílé yìí."

Nígbà tí wọ́n pe ìrun, Qowiyyu fi ọ̀pá náà sílẹ̀, ó sì dìde.

Bí ó ti rí fún olúkúlùkù wọn lẹ́yìn náà nìyí. Ọkọ̀ Gaston dúró fún oṣù mẹ́rin kí ọpọlọ titun tó dé. Ìyàwó rẹ̀ ń ta ẹja láàrin àkókò náà, àbíkẹ́yìn rẹ̀ sì pàdánù ọdún kan nílé ìwé. Ó ń gbé èrò títí di òní, ó ń kí Qowiyyu bí wọ́n bá pàdé, kì í sì í dúró. Adéyẹmọ kò padà wá. Qowiyyu ta ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ àti jáàkì méjì tí ó fi ń gbé ọkọ̀ sókè láti fi kún ohun tí ó wà nínú agolo. Ràódàt gba owó oṣù mẹ́ta ṣáájú níbi iṣẹ́, ó fi sọ ìwé ìgbélùú ìyá rẹ̀ di titun. Ti baba rẹ̀ pẹ́ ní oṣù mọ́kànlá. Ní oṣù mọ́kànlá náà, kì í kọjá oríta, kí wọ́n má baà bi í ní ìwé. Àpèkẹ́ ṣì ń tajà. Kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà mọ́, ṣùgbọ́n kò fi owó sínú agolo mílíìkì mọ́. Sakeenah ń ra ṣúgà lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá.

Ange kò pààrọ̀ gíláàsì ẹ̀rọ rẹ̀. Ní ọdún kejì, àwọn tí ó ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́dọọdún kí ó tó lè ka ọkọ̀ titun. Ó san án lẹ́ẹ̀kan, kò rí i san lẹ́ẹ̀kejì. Fóònù ni ó ń tún ṣe báyìí.

Ẹni tí ń fọ ọkọ̀ ni ó wà lábẹ́ páànù Qowiyyu ní Atong Abè. Qowiyyu fúnra rẹ̀ wà ní Okala, ní etí ìlú, níbi tí ó ti ń tún bíréèkì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ ṣe. Kí ó tó fi sípánà kan ọkọ̀ kankan, ó máa ń bi awakọ̀ ní ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ọdún náà bá ti sún mọ́ òní jù, yóò nu ọwọ́ rẹ̀, yóò sì ní kí awakọ̀ náà lọ bi àwọn tí ó tà á fún un.